Dàhòmì Inú Ìwé Àtijọ́: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó dé lórí Dàhòmì lóṣù yìí pọ̀ ju ti ìyókù lọ. Kò yà wá lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ló ní ẹni tó ti ná ọjà dé Pàràkú tàbí Kútọnu rí, ìwé tí wọ́n gbà lọ́hùn-ún sì wà nínú àpótí di òní. A mú mẹ́fà nínú àwọn ìbéèrè náà, a sì fi èyí tó jẹ mọ́ ìwé ìbí ṣáájú, torí òun ló ń náni lówó jù.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọdún 1949 ni wọ́n bí bàbá mi sí Pàràkú, níbi tí àwọn òbí wọn ti ń ṣòwò. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ìbí wọn, “Dahomey” ló sì wà lórí ẹ̀. Mo fẹ́ bá wọn gba ìwé ìrìnnà, ṣùgbọ́n Dàhòmì kò sí nínú orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí kọ̀ǹpútà gbé wá. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ mú Nàìjíríà, ó ní ṣebí Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni Benin wà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé kan, Ọ̀fà)

Rárá o. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bìní tó wà ní Ẹdó, ìlú ni. Benin tí kọ̀ǹpútà ń béèrè, orílẹ̀-èdè ni, òun ni Dàhòmì àná, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Kútọnu bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè orílẹ̀-èdè ìbí, ẹ mú “Benin”. Bó bá jẹ́ lẹ́tà méjì ló gbé wá, BJ ni. DY ni ti Dàhòmì nígbà kan, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, ẹ má wulẹ̀ máa wá a. Níbi tó bá ti béèrè ìlú, ẹ kọ “Parakou” bó ṣe wà lórí ìwé gan-an, kí ẹ má kọ ọ́ bí a ṣe ń pè é. Bó bá sì jẹ́ fọ́ọ̀mù tí ẹ̀ ń fi bírò kọ, ẹ lè kọ “Parakou, Dahomey”, kí ẹ fi “Benin báyìí” tẹ̀ lé e.

Ìwé ìrìnnà ilẹ̀ wa ti so mọ́ NIN báyìí, nítorí náà NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ti kọ Nàìjíríà síbẹ̀ fún ibi ìbí bàbá yín, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ẹni tó bá tún ti ìwé ìrìnnà ṣe tó fi ti NIN sílẹ̀ yóò padà wá, nítorí àwọn méjèèjì kò ní bára mu. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà yín lẹ́rù pé bí ẹ bá kọ Benin, bàbá yín ti di ará Benin nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n bí èèyàn sí, ọ̀tọ̀ ni orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ka ọmọ tí ọmọ Nàìjíríà bí sí òkè òkun kún ọmọ Nàìjíríà.

Ó ku ìwé náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló máa ń wà lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àìmọ ìyẹn ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọjọ́ ìbí ni èkíní. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà jáde ni èkejì, ìsàlẹ̀ ni ó sábà máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀. Orúkọ tó wà ní orí ìwé náà, ọjọ́ kejì yìí ló yẹ kó bá mu. Èyí tí wọ́n bá kọ ní 1949 gan-an, “Afrique Occidentale Française” àti “Territoire du Dahomey” ló yẹ kó wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ọdún 1958, ó di “République du Dahomey”. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ọdún 1975, ó di “République Populaire du Bénin”, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, ọdún 1990, wọ́n sì yọ “Populaire” kúrò. Nítorí náà, bí ìwé bàbá yín bá ní “République Populaire du Bénin” lórí tó sì sọ pé 1949 ni wọ́n bí wọn, kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Ẹ̀dà ni, tí ẹnì kan lọ gbà láàárín 1975 sí 1990. Ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi “copie” tàbí “extrait” lórí rẹ̀. Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni ìwé tó ní òun jáde ní 1949 tí “République” sì wà lórí rẹ̀. Kò sí ripọ́blíìkì kankan níbẹ̀ lọ́dún náà.

Bí ẹ bá rí “jugement supplétif”, ìyẹn ni pé wọn kò forúkọ ọmọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, ilé-ẹjọ́ ló ṣe é lẹ́yìn náà nípa ẹ̀rí àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ìwé gidi ni. Bí ẹ bá rí “né vers 1949”, ohun tó ń sọ ni pé a bí i ní nǹkan bí 1949, wọn kò mọ ọjọ́. Ògbufọ̀ tó bá kọ “a bí i ní 1949” láìfi “nǹkan bí” kún un ti fi kún ohun tí ìwé sọ. Ògbufọ̀ ọ̀hún kò sì gbọ́dọ̀ sọ Dàhòmì di Benin nínú ọ̀rọ̀ tó ń túmọ̀. Ẹ ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kó wá ṣàlàyé sí ìsàlẹ̀ pé Benin ni wọ́n ń pè é láti 1975. Ẹ má fi bírò kan ìwé àtijọ́ náà, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Bí ọ́fíìsì kan bá ṣì ń jiyàn pé orílẹ̀-èdè méjì ni, ìwé ìbúra kan láti ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin máa ń tó. Ẹ jẹ́ kí ó dárúkọ ọjọ́ tí orúkọ yí padà, 30/11/1975, kó má kàn sọ pé “láyé àtijọ́”.

Kí ló dé tí wọ́n fi Dàhòmì sílẹ̀? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ Benin ni wọ́n mú, nígbà tí Bìní wà lọ́wọ́ tiwa níbí? (Òǹkàwé kan, Òmù-Àrán)

Orúkọ ìjọba kan ṣoṣo ni Dàhòmì tẹ́lẹ̀, ìjọba àwọn Fọ̀n tó fìdí kalẹ̀ sí Àgbómẹ̀. Ohun tí àwọn Fọ̀n fúnra wọn ń pè é ni Danxomè. Nínú èdè wọn, “xomè” ni ikùn, ìtàn wọn sì sọ pé olóyè kan wà tó ń jẹ́ Dan, tí àwọn àlejò ń fi ojoojúmọ́ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi bínú pé ṣé inú ikùn òun ni wọ́n ti fẹ́ kọ́lé báyìí. Wọ́n pa á, wọ́n sì kọ́ ààfin lé e lórí. Àwọn òpìtàn kan kò gba ìtàn yìí gbọ́, ìtàn tó fi orúkọ pa gbogbo ẹjọ́ báyìí kì í sábàá jẹ́ òótọ́ délẹ̀. Dan náà ni wọ́n ń pe ejò, àti òrìṣà tí àwa ń pè ní Òṣùmàrè.

Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, tí ọba náà sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ọdún 1894, wọ́n fi orúkọ ìjọba tí wọ́n ṣẹ́gun pe gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ, láti etíkun títí dé odò Ọya. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Bàríbá ní Nikki àti Pàràkú, àwọn Dẹ́ńdì, àwọn Sọ́m̀bà ní Atacora, kò sí ọjọ́ kan tí Àgbómẹ̀ jọba lé wọn lórí. Àwọn Yorùbá Kétu sì rántí Dàhòmì gẹ́gẹ́ bí ogun tó kó wọn ní 1886. Ẹ wo bí yóò ti rí kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó jó ilé yín pe ẹ̀yin náà. Mathieu Kérékou, tó gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, ọdún 1972, ọmọ apá àríwá ni, òun ló sì pa orúkọ náà tì.

Ní ti Benin, apá òkun tó wà níwájú wọn ni wọ́n fi sọ ara wọn. Bight of Benin ni àwọn òyìnbó ń pe ibẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, láti etíkun Gánà títí dé ẹnu odò Ọya. Òkun ọ̀hún sì gba orúkọ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba Bìní tí àwọn Potogí bá ṣòwò. Bìní sọ òkun lórúkọ, òkun sọ Dàhòmì lórúkọ, orúkọ àjogúnbá ìdílé onídìílé. Ohun tó mú kí wọ́n yàn án ni pé kò sí ẹ̀yà kan níbẹ̀ tó lè ní tòun ni. Àwọn tó wà ní Bìní níhìn-ín lè máa rò pé wọ́n gba nǹkan wọn, àwa kò rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a gbà pé ìdàrúdàpọ̀ tó ń fà ní ọ́fíìsì pọ̀.

Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò pé “ní ọdún 1850, ìlú Kétu ní Dàhòmì…” Olùkọ́ mi fa igi lé e. Ẹ gbà mí o. (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin)

Olùkọ́ rẹ ló jàre, má bínú. Ní 1850, ìjọba Yorùbá tó dá dúró ni Kétu, Dàhòmì sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bákan náà ni Ṣábẹ dá dúró, tí Àjàṣẹ́ etíkun, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, náà ní ọba tirẹ̀. Dàhòmì ìgbà yẹn kò ju Àgbómẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ lọ, sọ̀kalẹ̀ gba ọ̀nà tóóró kan dé Ouidah létíkun. Ọba Gezo ló wà lórí oyè, òun tó kọ̀ láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ mọ́, òun náà ló rán ogun sí Abẹ́òkúta ní 1851. Ogun kejì tó wá sí Abẹ́òkúta ní 1864, ọmọ rẹ̀ Glele ló rán an.

Bí ọdún tí ò ń kọ nípa rẹ̀ bá ṣáájú 1894, Dàhòmì túmọ̀ sí ìjọba Fọ̀n nìkan. Láti 1894 sí 1960, ilẹ̀ àmúsìn Faransé ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ọdún 1960 dé ìparí oṣù Kọkànlá 1975, orílẹ̀-èdè olómìnira ni. Lẹ́yìn ìyẹn, Benin ni. Tó o bá fẹ́ dárúkọ Kétu 1850 kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ ibi tó wà, kọ “Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí”. Ọ̀rọ̀ “lónìí” yẹn ni kò jẹ́ kí o jẹ̀bi.

Ọ̀kan tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kwara máa ń ṣì ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Bí ìwé ìtàn bá sọ pé àwọn oníṣòwò ẹrú gba Àjàṣẹ́ kó ẹrú sọ́kọ̀ ojú omi, kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo o! Kò sí òkun ní Ìpo.

A bá àpò sítáǹbù lẹ́tà àti owó bébà nínú ẹrù bàbá àgbà. Àwọn sítáǹbù kan ní “Dahomey”, ọ̀kan sì ní orúkọ méjèèjì pọ̀. Ṣé ó níye lórí? (Òǹkàwé kan, Ọ̀rọ̀)

Orúkọ orí sítáǹbù yóò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín. “Dahomey et Dépendances” ni ti ìbẹ̀rẹ̀, láti 1899. “Dahomey” nìkan tẹ̀ lé e. Nígbà tó ku bíi ọdún mẹ́rìndínlógún kí òmìnira dé, sítáǹbù “Afrique Occidentale Française” ni gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ ń lò, ẹ má wá Dàhòmì lórí ti àkókò náà. “République du Dahomey” ni ti olómìnira. Èyí tó ní orúkọ méjèèjì kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé: lẹ́yìn 1975, sítáǹbù Dàhòmì ṣẹ́kù púpọ̀ nílé, wọ́n sì tẹ orúkọ tuntun àti iye owó tuntun lé e lórí. Ọ̀pọ̀ sítáǹbù àtijọ́ tí wọ́n ti lò kò ju owó kékeré lọ. Irú èyí tí wọ́n tẹ̀ lé lórí lè lérè ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ayédèrú tẹ̀lé e. Ẹ má fi omi yọ ọ́ kúrò lára àpòòwé, torí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ní ìlú àti ọjọ́ lórí lè níye ju sítáǹbù gan-an lọ. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù tàbí sẹ́lótéèpù. Inú bébà funfun gbígbẹ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ má fi sínú ọ̀rá lásìkò òjò, nítorí ooru inú ọ̀rá yóò mú kó lẹ̀ mọ́ra.

Ní ti owó bébà, ẹ má wá Dàhòmì lórí rẹ̀, owó sẹ́fà jẹ́ àjọlò. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó wà pẹ̀lú nọ́ńbà ni ẹ ó wò: B ni ti Dàhòmì, ó sì kù sí B nígbà tó di Benin. T ni Tógò, H ni Nìjẹ̀, C sì ni Upper Volta tó di Burkina Faso ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ọdún 1984.

Ìyá mi àgbà ní “Gold Coast” ló lé àwọn wálé ní 1969. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé Nàìjíríà ló lé ará Gánà. (Òǹkàwé kan, Èrìn-Ilé)

Òtítọ́ ni Màámá ń sọ, orúkọ nìkan ló ti gbó lẹ́nu wọn. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọdún 1957 ni Gold Coast ti di Gánà. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò níwèé gba ìwé ìgbélùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló sì kó ẹrù wálé, àwọn ará Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èjìgbò nínú wọn. Èyí tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ ni ti 1983, tó sọ báàgì onílà-pupa-àti-búlúù lórúkọ. Méjèèjì ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Kumasi láti 1940, kò burú bó bá ń pè é ní Gold Coast títí di òní.

Ẹ̀yin àgbà, ìwé èdè Lárúbáwá àtijọ́ kan dé ọwọ́ mi, ó pe ilẹ̀ wa ní “Sudan”, ó tún pe àwọn èèyàn wa ní “Takrur”. Báwo ni kí n ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéwú? Ẹ sì bá mi dá a lóhùn, ṣé Dàhòmì náà ti kú tán ni? (Alfa kan, Ìlọrin)

Alfa, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ sí Sudan ti Khartoum. “Bilād as-Sūdān” nínú ìwé àwọn ará ìṣáájú ni ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, ó gùn láti Òkun Àtìláńtíìkì títí dé apá Náìlì. Orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Sudan gba òmìnira ní 1956. Mali pẹ̀lú, Sudan ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń pè é títí di 1960. Takrur ní tirẹ̀, ìjọba kan lẹ́bàá odò Senegal ni. Orúkọ rẹ̀ ló fẹ̀ débi tí àwọn Lárúbáwá fi ń fi pe gbogbo Mùsùlùmí tó bá ti apá ọ̀dọ̀ wa wá sí Hájì, tí wọ́n sì ń pe àwọn ọmọ wa tó jókòó sí Mẹ́kà ní Takruni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ kọ àlàyé rẹ̀ sí etí ìwé, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kọ ìwé náà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.

Dàhòmì kò kú tán. Àwọn onímọ̀ igbó ṣì ń sọ̀rọ̀ “Dahomey Gap”, àlàfo tí ọ̀dàn ti já dé etíkun láàárín igbó kìjikìji ìwọ̀-oòrùn àti ti ìlà-oòrùn, láti apá Accra gba Tógò kọjá dé Benin. Etíkun ibẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò bọ̀, omi òkun sì máa ń tutù láàárín oṣù Keje sí Kẹsàn-án, ìdí nìyẹn tí Lómé kì í fi sábàá rí òjò tó mílímítà 1,000 lọ́dún. Eṣinṣin èso kan wà tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń sìn nínú ìgò, “Dahomey” ni wọ́n ń pe ìran rẹ̀. Màlúù kúkúrú kan náà wà ní Yúróòpù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ àpáta wò ni orúkọ náà ti wúlò jù. “Dahomey Basin” ni wọ́n ń pe kòtò ilẹ̀ tí òkúta ẹfun Ewékorò wà nínú rẹ̀, tí ọ̀dà ilẹ̀ Oǹdó sì wà létí rẹ̀. Àwọn kan ti ń pè é ní “Benin Basin” báyìí. Ṣùgbọ́n “Benin Formation” wà ní Niger Delta tẹ́lẹ̀, ìpele yanrìn òkè pátápátá níbẹ̀ ni, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kòtò ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga, tó bá ka ọ̀kan sí èkejì, lè máa wá omi síbi tí kò yẹ.